Ẹyin Ejò Kì Í Ṣe Ẹyin Adìẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Títọ́jú Ẹyin Erè Nínú Ilé

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí sí Houston níbí, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín, ẹ ó dàgbà, ẹ ó dògbó.

Mo mọ̀ pé nígbà tí alága dárúkọ ohun tí mo fẹ́ sọ, àwọn kan wo ojú ara wọn. Ejò kẹ̀? Nínú ilé kẹ̀? Ìyá wa kan tó jókòó síwájú níbí bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò sí ohun ọ̀sìn mìíràn ni?" Mà, ó wà. Ìyá mi àgbà sin adìẹ ní Kétu fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹyin tó di ẹ̀dá abẹ̀mí. Ẹ̀kọ́ adìẹ yẹn náà ni mo sì fi ba ẹyin ejò àkọ́kọ́ tí mo tọ́jú jẹ́. Ìtàn yẹn ni mo wá sọ fún yín. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ejò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Erè ni. Kì í ṣe erè ńlá tó ń gbé ewúrẹ́ mì o. Erè kékeré ni, èyí tí gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Kò ní oró. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ jọ róbótó, á fi orí pamọ́ sáàárín. Ìdí nìyẹn tí àwọn Amẹ́ríkà fi ń pè é ní ball python. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní royal python, erè ọba. Lónìí, èmi á máa pè é ní erè bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin ọmọ, níbo lẹ rò pé ó ti wá? Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní Florida. Rárá o. Ilé wa ló ti wá. Láti Senegal títí dé Uganda ló ń gbé, ó sì pọ̀ ní Ghana, Togo àti Benin. Inú ihò òkété ló ń sùn, inú ọ̀gán ló ń sá oòrùn sí, eku tó ń jẹ irè oko wa ló sì ń jẹ. Bí ẹ bá dé Ouidah ní Benin, ẹ ó rí ilé erè tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Erè bọ́ọ̀lù gan-an ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀. Bí ọ̀kan bá rìn wọ ilé ẹnìkan lóru, onílé kò ní gbé igi. Jẹ́jẹ́ ni yóò gbé e padà síbi tó ti wá. Àwa náà ńkọ́? Ṣé àwa Yorùbá kọ́ la ní òrìṣà Òṣùmàrè? Ní Bahia, ní Brazil, títí di òní, wọ́n ń kí Òṣùmàrè, wọ́n sì mọ̀ pé ejò ni àmì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Láti ọdún 1975 títí di àsìkò yìí, erè bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti kó láàyè láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn ọdẹ á máa gbẹ́ ihò, wọ́n á máa kó abo tó ní ẹyin nínú, wọ́n á máa kó ẹyin, wọ́n á máa kó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Òfin àgbáyé wà lórí òwò náà, CITES ni wọ́n ń pè é, síbẹ̀ ihò tí wọ́n ń gbẹ́ kò dín kù tó. Wọ́n ti kọ orúkọ ejò yìí mọ́ ara ẹ̀dá tí ewu ìparun ti ń sún mọ́. Nítorí náà, èmi kò ka ẹni tó mọ ẹyin erè tọ́jú nínú ilé rẹ̀ sí ẹni tó ń ṣeré. Ọmọ erè kọ̀ọ̀kan tí a bá pa láti inú ẹyin nínú ilé níbí jẹ́ ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò ní láti lọ gbẹ́ ihò rẹ̀ ní ilé wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ẹyin.

Ọdún 2018 ni. Erè méjì, akọ àti abo, la ní nínú ilé nígbà náà. Ọmọ mi ọkùnrin ló bẹ̀bẹ̀ títí tí mo fi gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí ilé abo, mo rí i tó ká mọ́ ẹyin mẹ́fà. Ẹyin funfun, ó gùn, ó tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ìdì. Inú mi dùn, n kò lè sọ ọ́ tán. Mo sọ pé, ẹyin kẹ̀? Èmi ọmọ ọmọ Ìyá Eléwe ti Kétu? Mo mọ ẹyin.

Kí ni ìyá mi àgbà máa ń ṣe? Bí adìẹ rẹ̀ bá kọ ẹyin sílẹ̀, yóò kó o sínú apẹ̀rẹ̀ òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, yóò sì máa yí i láàárọ̀, yóò máa yí i lálẹ́. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Adìẹ fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹyin fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn." Òótọ́ ló sọ. Ohun tí mo ṣe fún ẹyin ejò nìyẹn. Mo fa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ya lára ara wọn. Mo yí wọn láàárọ̀, mo yí wọn lálẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ṣí àpótí, òórùn ló kí mi. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ti dòbu.

Mo sunkún. Mo kọ̀ láti dà wọ́n nù fún ọjọ́ méjì. Bàbá arúgbó kan tó ti ń sin ejò tipẹ́ ni mo lọ bá, mo ròyìn gbogbo ohun tí mo ṣe. Kò bá mi wí. Ó kàn bi mí pé, "Ta ló ní kí o yí wọn?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibí yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Bí ẹ bá fọ́ ẹyin adìẹ sínú àwo, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ pupa ẹyin dáadáa. Ẹ ó rí ohun funfun kan tó lọ́ bí okùn. Méjì ni, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Okùn yẹn ló so pupa ẹyin rọ̀ sáàárín, tó fi jẹ́ pé bí adìẹ bá yí ẹyin, ọlẹ̀ inú rẹ̀ á rọra yí bọ̀ sókè. Bí adìẹ kò bá yí i, ọlẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ èèpo, kí ó kú. Ẹyin ejò kò ní okùn yẹn. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì tí ejò bá yé ẹyin, ọlẹ̀ á gun òkè, á so ara rẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Bí o bá yí ẹyin náà dojú dé, pupa ẹyin á wúwo lé e lórí. Ohun tó ń pa ọmọ adìẹ nínú ẹyin, òun gan-an ló ń dá ọmọ ejò sí.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé òwe lásán ni. Lórí ẹyin erè ni mo ti mọ̀ pé bí iṣẹ́ ṣe rí ló ń sọ.

Nítorí náà, kí ni ẹ ó ṣe? Kí ẹ tó gbé ẹyin kúrò níbi tí ìyá rẹ̀ yé e sí, ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ fa ìlà díẹ̀ sí òkè ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ìlà yẹn kò gbọdọ̀ kúrò lókè títí ọmọ á fi jáde. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ara wọn, ẹ má fà wọ́n ya, ẹ gbé wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ pa iná yàrá, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kékeré tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin láì gbé e. Bí ẹ bá rí ìṣàn pupa tín-ín-rín bí gbòǹgbò koríko, ọlẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ láìsí ìṣàn kankan, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkan ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yìn pé báwo ni a ṣe ń gba ẹyin lọ́wọ́ ìyá ejò. Ìbéèrè tó dára ni. Abo erè fẹ́ràn ẹyin rẹ̀ o. Ó lè lo oṣù méjì lórí wọn láìjẹun. Mo máa ń fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó lórí, kí ó má bàa rí ọwọ́ mi, mo á sì máa tú ìká rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìrù. Kò yẹ kí ẹyin mì. Lẹ́yìn ìyẹn mo á wẹ̀ ẹ́, mo á pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú ilé rẹ̀, torí bí òórùn ẹyin bá ṣì wà níbẹ̀, yóò máa sàba lórí ohun tí kò sí, kò ní jẹun. Àwọn kan máa ń fi ẹyin sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ilé wa níbí, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, afẹ́fẹ́ inú ilé gbẹ. Ihò òkété ní Kétu ní ọ̀rinrin, ó sì móoru. Yàrá ọmọ mi kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ ni ooru àti omi.

Ẹyin adìẹ ní èèpo líle. Ẹyin erè dàbí awọ, ó rọ̀, ẹ lè fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Awọ yẹn ń gba omi wọlé, ó sì ń jẹ́ kí omi jáde. Bí ibi tó wà bá gbẹ, á rún, á wọnú. Bí omi bá kán lé e lórí tó sì dúró síbẹ̀, ọlẹ̀ á rì sínú omi. Nítorí náà, ike tó ní ìdérí la ń lò. Vermiculite la máa ń dà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ fúyẹ́ tí àwọn tó ń gbin òdòdó ń pò mọ́ ilẹ̀. Èmi máa ń wọ̀n ọ́n: bí vermiculite bá jẹ́ gíráàmù 200, omi náà á jẹ́ gíráàmù 200. Bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan tí ẹ fún un, ó gbọ́dọ̀ ṣù, kò gbọdọ̀ kán. Ẹ ó fi ẹyin jókòó sínú rẹ̀ dé ìdajì, ẹ ó dé ike, ẹ ó gbé e sínú àpótí ooru.

Àpótí ooru tèmi, kúlà àtijọ́ tí a fi ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ sí òde àríyá ni. Mo na wáyà amóoru sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo so ó mọ́ thermostat, ẹ̀rọ tó ń pa iná nígbà tí ooru bá tó, tó sì ń tàn án padà nígbà tó bá dín. Dígírì 31 sí 32 Celsius ni mo ń fẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, ọmọ á jáde láàárín ọjọ́ 55 sí 60. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan àpótí yìí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹyin tó dé. Báwo lẹ ó ṣe mọ ìgbà tí yóò dé? Abo erè máa ń bọ́ awọ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó tó yé. Ọjọ́ tó bá bọ́ awọ yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ooru tó pọ̀ jù ń pa ẹyin. Bí ó bá kọjá dígírì 35, ọmọ lè kú sínú, tàbí kí ó jáde pẹ̀lú egungun ẹ̀yìn tó wọ́. Òtútù díẹ̀ kò burú tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń fa ìdádúró. Èmi mọ èyí láti inú iná tí wọ́n mú lọ.

Ta ló wà ní Houston níbí ní oṣù Kejì ọdún 2021? Ẹ na ọwọ́. Mo rí i. Ẹ rántí òjò dídì yẹn. Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 15, iná lọ káàkiri ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ NEPA, ẹ rò pé ẹ ti fi ìyẹn sílẹ̀ sí Nàìjíríà. Ẹyin erè méje wà nínú kúlà mi. Ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ni abo yé wọn, ọjọ́ kẹrìndínlógún nìyẹn. Ilé tutù débi pé èémí wa ń hàn lẹ́nu. Ọkọ mi ní kí n fi ẹyin sílẹ̀, kí n wá sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo lọ sùn, n kò lè sùn.

Sítóòfù wa ń lo gáàsì, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀. Mo gbé omi kaná. Mo rọ ọ́ sínú ìgò ike tí a fi ń mu omi, mo fi aṣọ wé ìgò kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa fara kan ẹyin, mo tò wọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúlà, mo dé e, mo fi àdírẹ ìyá mi àti kúbùsù méjì bò ó. Wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni mò ń pààrọ̀ ìgò, tọ̀sán tòru, fún ọjọ́ mẹ́ta. Òṣùwọ̀n ooru ń lọ sókè sódò láàárín dígírì 25 sí 30. Lẹ́ẹ̀kan, mo fi ìkánjú kó ìgò gbígbóná jù sínú rẹ̀, ó sáré lọ sí 33, ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tó wà ní 25 lọ. Mo ṣí ìdérí kíákíá.

Ní àárín òru yẹn, mo ń ronú nípa ìyá ejò. Ní ọdún 1841, ní Jardin des Plantes, ọgbà ewéko àti ẹranko ní Paris, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Valenciennes wọn ooru ara erè Íńdíà kan tó ń sàba, ó sì rí i pé ara rẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Erè yẹn máa ń gbọ̀n ara rẹ̀ ni, bí ẹni òtútù ń mú, kí ẹran ara rẹ̀ lè mú ooru jáde fún ẹyin. Erè bọ́ọ̀lù tiwa kì í gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń fi ara rẹ̀ dì wọ́n mọ́ra, kí ọ̀rinrin àti ooru tó wà má bàa sá lọ. Èmi pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná, iṣẹ́ ìyá ejò ni mò ń ṣe, ìyá ejò ì bá sì ṣe é jù mí lọ.

Kí n tó sọ bí ó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nǹkan méjì, kíákíá. Ẹ má ṣe mú ẹyin ejò tí ẹ kò mọ ìyá rẹ̀ wálé láti inú igbó, yálà níbí tàbí nígbà tí ẹ bá lọ kí àwọn ará ilé. Ṣèbé náà ń yé ẹyin, ọmọ rẹ̀ sì ní oró láti ọjọ́ tó bá yọ orí. Èkejì, ẹ béèrè òfin ibi tí ẹ ń gbé. Ní Texas níbí, erè bọ́ọ̀lù kò gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n erè ńlá ti Áfíríkà gbà á. Ní Hawaii, a kò gbọdọ̀ sin ejò kankan rárá.

Ohun tó kù ni ìdúró, ó sì le ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Bí ó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú. Ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ gbé e síbẹ̀ ni ó wọnú, ibẹ̀ gbẹ nìyẹn, ẹ fi omi kún vermiculite, kì í ṣe orí ẹyin. Lẹ́yìn náà ní ọjọ́ kan, ẹ ó rí ojú gígé tín-ín-rín lára èèpo. Ọmọ erè ní eyín kékeré kan lẹ́nu tó fi ń la ẹyin. Yóò yọ imú. Yóò wò yín. Yóò tún padà sínú.

Ẹ má fà á jáde! Mo tún un sọ, ẹ má fà á jáde. Ó lè lo ọjọ́ kan, ó lè lo ọjọ́ méjì nínú ẹyin tó ti là. Kò ya ọ̀lẹ. Pupa ẹyin ló ń fà sínú ikùn rẹ̀, oúnjẹ tí yóò gbé e títí yóò fi bọ́ awọ àkọ́kọ́. Àwọn tó ń sin ejò fún òwò wà tí wọn kì í lè dúró, pàápàá nítorí àwọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ pa ọmọ erè bọ́ọ̀lù àfín láti inú ẹyin nínú ilé ní Amẹ́ríkà níbí ní ọdún 1992, àwọ̀ ti di owó ńlá, olúkúlùkù sì fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ jẹ́ àràmàǹdà. Wọ́n á mú síọ́sì, wọ́n á gé ẹyin kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Mo mọ ẹnìkan tó gé e ní nǹkan bí ọjọ́ 50. Pupa ẹyin ya dànù, ọmọ mẹ́rin kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn kan ń gé e lásìkò tó yẹ láìsí ewu, mo mọ̀. Èmi kì í gé e.

Ní ọdún 2021 yẹn, ọjọ́ 60 pé, n kò rí nǹkan. Ọjọ́ 61, n kò rí nǹkan. Ọmọ mi ní, "Mummy, ẹ jẹ́ kí a ṣí ọ̀kan wò." Mo ní rárá, òtútù ló dá wọn dúró. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, mo ṣí kúlà, imú mẹ́ta ló wà níta. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta oṣù náà fi ṣú, márùn-ún ti yọ jáde pátápátá. Ọ̀kan nínú méje kò ní ọlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan sì kú sínú, bóyá òtútù ni, bóyá ìgò gbígbóná mi ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gùn tó láti ìka ọwọ́ mi dé ìgúnpá, ara wọn ń dán bí ẹni fi òrí pa á.

Mo pe ìyá mi àgbà ní Kétu lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló máa ń béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti pa?" Mo fi àwòrán wọn hàn án. Ó wò ó títí. Kò kígbe, kò pè mí ní àjẹ́, bí àwọn kan nínú yín ṣe rò.

Ó ní, "Ṣé o ò yí wọn?"

Mo ní, "Mi ò yí wọn mà."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Bu omi fún wọn."